Ilé àdúrà alámọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilé ìkẹ́rù: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta

Ilé náà wà ní àdúgbò kan tí kò jìnnà sí Ìtòkú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan tó ń gun òkè. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó íǹṣì 18, ó sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n fi mọ ọ́n, ìpele kọ̀ọ̀kan tó íǹṣì 20, gẹ́gẹ́ bí àwọn amọlé ayé àtijọ́ ṣe ń ṣe: wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta kó lè rọ̀ dénú, kí wọ́n tó mọ ìpele kan. Ìpele yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Fèrèsé onípákó mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn méjì, páànù lórí. Níta, irin réluwéè kan so rọ̀ lára igi máńgòrò. Òun ni agogo wọn.

Ilé àdúrà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọn kì í pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, kódà nígbà tí ìjọ náà kò ní ilé mìíràn. Ìyàtọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe ohun kékeré, yóò sì hàn níwájú.

Kí àdúgbò kan ní ilé àdúrà tirẹ̀ kò ṣàjèjì ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan ló kó orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti àwọn àgbà rẹ̀ wá: Aké, Ìgbẹ̀ìn, Ìkìjà, Kẹ́mta, Ìtòkú àti àwọn yòókù. Míṣọ́nnárì Thomas Birch Freeman dé ìlú ní Oṣù Kejìlá 1842, míṣọ́nnárì Henry Townsend dé ní Oṣù Kìíní 1843. Nígbà tí Townsend padà wá pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther ní 1846 láti wá jókòó, Aké ni wọ́n fi ṣe ibùdó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìlú kọ̀ọ̀kan fi ń fẹ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó jáde tí wọ́n sì ba ilé ìjọsìn jẹ́, àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá fúnra wọn ló di ẹ̀sìn náà mú. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé kéékèèké tí ìjọ fi ọwọ́ ara wọn mọ ti ń pọ̀ sí i, títí di ìgbà tí páànù àti ìṣó di ohun tí ẹni gbogbo lè rà. Èyí tí a ń sọ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n kọ́ ọ, lórí ilẹ̀ tí ẹbí kan nínú àdúgbò fún wọn láìsí ìwé.

Láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ilé ìwé ni. Ẹni tó ń wàásù lọ́jọ́ Àìkú náà ni tísà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ABD àti ìṣírò. Wọ́n á yí bẹ́ǹṣì síra wọn kí ìwé lè rí ibi jókòó lé, wọ́n á gbé pátákó ìkọ̀wé ti pẹpẹ. Ní agogo méje àárọ̀ fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ṣí. Àwọn ọmọ ló ń gbálẹ̀, àwọn ló ń kó ewé kúrò nídìí ògiri, àwọn náà ló sì ń fi ẹrẹ̀ dí ihò tí agbọ́n tàbí alángbá bá dá. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n tí a bá wo ohun tó dé bá ilé náà nígbà tí wọn kò ṣe é mọ́, a ó mọ̀ pé àtúnṣe gan-an ni.

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwọn ọmọ kó lọ sí ilé ìwé ńlá. Ilé àdúrà pàdánù ọjọ́ márùn-ún nínú méje. Àkókò yìí ni ìṣòro bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tó ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fojú rí i. Ìjọ pọ̀ sí i, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì oníbúlọ́ọ̀kù tí kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ síbẹ̀, wọ́n sì ti ilé àdúrà pa. Àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀, lẹ́yìn náà ìkòkò àsè àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, lẹ́yìn náà àpò sìmẹ́ńtì. Fèrèsé kò ṣí mọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìgbìmọ̀ ìjọ fi ilé náà háyà fún àwọn aláàdìrẹ. Ìpinnu yìí kò burú lójú ẹnikẹ́ni: ọjà àdìrẹ kò jìnnà, owó ilé yóò sanwó iná ṣọ́ọ̀ṣì, ilé tó ṣófo yóò sì lérè. Aṣọ funfun ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àgbá kọ́sítíìkì àti háídrọ̀, àwọn kẹ́míkà tí wọ́n fi ń po aró, wọlé, torí kò yẹ kí òjò pa wọ́n. Ní ìgbà òjò, tí kò sí ibi gbígbẹ níta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti aṣọ bọ aró nínú ilé. Omi aró àti omi ìfọ̀ ń ṣàn lórí ilẹ̀ lọ sídìí ògiri. Kò yẹ kí a dá àwọn aláró lẹ́bi. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ni ilé ni kò béèrè ohun tí omi yẹn yóò ṣe fún amọ̀.

Láàárín ọdún méjì, ìdí ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọnú, pàápàá ní apá òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ó jinlẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin ní ibì kan. Erùpẹ̀ ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ìgbà tí ikán bá ń ṣiṣẹ́, iyọ̀ funfun sì ń yọ lára ògiri bí irun àgbà. Ìgbìmọ̀ pe bíríkìlà, ó sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣe: ó kan nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ògiri, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ láti ilẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, nínú àti lóde, ó sì kùn ún ní ọ̀dà olóròóró. Ilé náà rẹwà fún oṣù mẹ́fà.

Ní òjò tó tẹ̀lé e, ọ̀rinrin tó ti wà ní ẹsẹ̀ bàtà kan gun òkè kọjá sìmẹ́ńtì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Tí a bá fi ìka kan sìmẹ́ńtì náà, ó ń dún bí igbá òfìfo. Ní Oṣù Kẹsàn-án, abala kan tó gùn tó ọkùnrin ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fa amọ̀ tó nípọn tó íǹṣì mẹ́ta wá pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ó tọ́ kí a dúró níbí, nítorí àṣìṣe yìí ń ṣẹlẹ̀ sí ilé alámọ̀ jákèjádò Ẹ̀gbá, àwọn tó sì ń ṣe é rò pé àwọn ń ran ilé lọ́wọ́ ni. Ògiri amọ̀ máa ń fa omi láti inú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń mí i jáde láti ara rẹ̀. Bí omi tó ń wọlé kò bá ju èyí tó ń jáde lọ, ògiri náà lè gbé ọgọ́rùn-ún ọdún. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi jáde. Nítorí náà omi ń wá ọ̀nà gun òkè títí yóò fi kọjá ibi tí sìmẹ́ńtì dé, amọ̀ tó wà lẹ́yìn sìmẹ́ńtì sì ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Sìmẹ́ńtì le, amọ̀ rọ̀; bí amọ̀ bá wú ní òjò tó sì sún kì ní ọyẹ́, sìmẹ́ńtì kò lè bá a lọ. Gbogbo ìṣó tí wọ́n fi kan nẹ́ẹ̀tì ti dá ojú sán sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlàfo tó ṣí sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni ikán gbà gun òrùlé lọ láìsí ẹni tó rí i. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Níbí, àwọn ènìyàn ló la ẹnu ògiri, tí wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì bo ẹnu náà mọ́ ikán nínú.

Ti iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Kọ́sítíìkì àti háídrọ̀ jọ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù. Bí sódíọ̀mù bá wọnú amọ̀, àwọn ẹyọ amọ̀ tó di ara wọn mú yóò tú ká, omi díẹ̀ yóò sì gbá wọn lọ. Bí ògiri bá tún gbẹ, iyọ̀ tó ti yòrò á dì, á sì wú nínú àwọn ihò kéékèèké, á máa fọ́ ara ògiri láti inú. Gbogbo ìgbà tó bá rin tó sì gbẹ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ògiri náà fi ń jẹ ju ti àwọn ilé alámọ̀ mìíràn ní àdúgbò náà lọ, tó sì jẹ́ pé òjò kan náà ló ń pa wọ́n.

Nígbà tí abala náà wó, ìgbìmọ̀ pinnu láti wó gbogbo ilé náà, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ síbẹ̀. Wọ́n ti ya àwòrán. Kí wọ́n tó gbé ohun èlò dé, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ olórí ẹbí tó ni ilẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn: "Ilé àdúrà la fún yín nílẹ̀ sí. Bí ẹ bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ẹ ti dá ilẹ̀ wa padà nìyẹn."

Inú bí àwọn kan nínú ìjọ. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ti wà níbẹ̀ ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìhà kankan kò ní ìwé, wọn kò tíì ya àwòrán sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀ náà rí, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba ọdún púpọ̀ ní kóòtù. Bàbá Ìjọ ló ní kí wọ́n má lọ sí kóòtù, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìwé ìpàdé àtijọ́. Ìyá Ìjọ ló mọ ibi tó wà: inú àpótí pákó kan tí wọ́n kó àwọn aṣọ akọrin tó ti gbó sí.

Wọ́n ka ìwé náà létí ìhà méjèèjì, ní ilé olórí ẹbí, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí a ti ka ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì. Ìlà tí wọ́n ń wá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tísà: a gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí fún sísin Ọlọ́run àti fún kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Ọ̀rọ̀ ilé ìtajà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ dídá ilẹ̀ padà. Ìgbìmọ̀ rí i pé ṣọ́ọ̀bù kò bá ohun tí wọ́n gbà mu. Ẹbí náà rí i pé àdúrà nìkan kọ́ ni baba wọn fún ìjọ nílẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ ọmọ wà níbẹ̀, ìlà náà kò sì sọ pé ọmọ onígbàgbọ́ nìkan. Nínú ẹbí yẹn, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn ọmọ wọn sì ń wá ibi tí wọ́n á ti máa ṣe lẹ́sìnnì. Olórí ẹbí ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta pé: "Ẹ tún ilé yẹn ṣe, kí ẹ ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, a ò ní bi yín ní nǹkan mìíràn."

Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ yí padà. Wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ lo ilé fún kí wọ́n tó béèrè ohun tí àtúnṣe yóò gbà. Agbẹjọ́rò kan kọ àdéhùn náà sí ojú ìwé méjì, wọ́n ya sọ̀fíyọ̀ ilẹ̀, ìhà méjèèjì buwọ́ lù ú.

Wọ́n wá àgbà amọlé kan tó ṣì mọ iṣẹ́ náà. Ó kọ̀ láti fọwọ́ kan ògiri. Ó ní kí wọ́n kó ẹrù jáde, kí wọ́n ṣí fèrèsé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí wọ́n sì pe òun nígbà tí òjò bá rọ̀ lóru. Nígbà tí òjò ńlá kan rọ̀ ní Oṣù Kẹwàá, òun àti méjì nínú ìgbìmọ̀ dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Omi mẹ́ta ni wọ́n rí. Èkíní ń bọ̀ láti orí páànù: ẹni tó tún òrùlé ṣe kẹ́yìn ti gé etí páànù kúrú, kò yọ ju íǹṣì mẹ́jọ lọ, omi sì ń já sára ògiri gan-an. Èkejì ń bọ̀ láti ọ̀nà: ọ̀dà tí wọ́n ti ń dà lé ọ̀dà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti gbé ọ̀nà ga, erùpẹ̀ sì ti kún ẹ̀gbẹ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀ ìta fi ga ju ilẹ̀ inú lọ ní íǹṣì 14. Ẹ̀kẹta kò hàn rárá títí ó fi tó wákàtí kan lẹ́yìn òjò. Ilẹ̀ Abẹ́òkúta kì í jìn kí a tó kan àpáta. Omi tó wọ ilẹ̀ lókè ń ṣàn lórí àpáta lábẹ́ erùpẹ̀, ó sì ń yọ jáde ní ìdí ògiri apá òkè, tó tutù tó sì mọ́, nígbà tí gbogbo ìta ti ń gbẹ. Kò sí ẹni tó lè fi sìmẹ́ńtì dí irú omi bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ti lọ. Òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Àwọn kápẹ́ńtà yọ igi tí ikán ti jẹ, wọ́n so igi tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ṣì le, wọ́n sì na etí òrùlé síta di íǹṣì 30. Páànù àtijọ́ tó ṣì dára kò ṣeé sọ nù. Ó nípọn ju ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà báyìí lọ. Wọ́n kó gbogbo wọn sí apá kan òrùlé, wọ́n sì fi tuntun sí apá kejì, kí àtijọ́ àti tuntun má baà pàdé ní ibi tí omi yóò ti máa jò.

Gọ́tà ló tẹ̀lé e. Wọn kò gbẹ́ ẹ sídìí ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbẹ́ ẹ sí. Ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀ kì í jìn. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó ti rin, ògiri lè yọ́ wá sínú kòtò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ni wọ́n fi jìnnà sí ògiri apá òkè, wọ́n sì gbẹ́ ẹ títí wọ́n fi kan àpáta, ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ààbọ̀. Wọ́n da kọnkéré sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó ń rọ̀ sílẹ̀ ní íǹṣì méjì àti ààbọ̀ nínú gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí òkè, òkúta lásán ni wọ́n tò síbẹ̀ láìfi sìmẹ́ńtì dí i, kí omi abẹ́ ilẹ̀ lè rí ọ̀nà wọnú gọ́tà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó gé ilẹ̀ ìta sílẹ̀ títí ó fi lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ ní íǹṣì mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n wá fi ògiri sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìgbìmọ̀ kò fẹ́ èyí rárá, nítorí owó àwọn ọmọ ìjọ ti wọlé, wọ́n sì ń béèrè iṣẹ́. Amọlé náà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé a kì í wọ aṣọ fún ẹni tó ṣì ń làágùn.

Yíyọ sìmẹ́ńtì kúrò ló fa ìjàm̀bá kan ṣoṣo tó ṣẹlẹ̀. Òfin tí amọlé fi lélẹ̀ ni pé láti òkè wá sílẹ̀ ni kí wọ́n máa yọ ọ́, pẹ̀lú ṣísù kékeré, kì í ṣe òòlù ńlá, kí wọ́n má sì ṣí ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó di ìdí rẹ̀. Ọmọṣẹ́ kan tó fẹ́ parí kí Kérésìmesì tó dé ṣí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án ní igun ìlà-oòrùn ní ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìpele méjì ìsàlẹ̀ ti ya, igun náà sì ti tẹ̀. Ènìyàn kankan kò farapa. Wọ́n fi igi mẹ́rin tì í, wọ́n tú igun náà palẹ̀ títí dé ìpele kẹta, wọ́n sì tún un mọ. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí nínú ètò.

Fún ìdí ògiri tó ti jẹ, bíríkì amọ̀ ni wọ́n lò, tí wọ́n fi irú ilẹ̀ pupa kan náà ṣe, tó sì ti gbẹ fún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá gbẹ́ amọ̀ tó ti rọ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, wọ́n á di í, wọ́n á fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, wọ́n á lọ sí èyí tó tẹ̀lé e, kí ògiri má baà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ níbì kankan. Bíríkì tí kò bá tíì gbẹ kò dára fún iṣẹ́ yìí: yóò sún kì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó, àlàfo yóò sì ṣí lókè rẹ̀, ní ibi tí ẹrù ògiri wà gan-an.

Ìyọkúrò iyọ̀ ló gba sùúrù jù. Kò sí fífọ̀, nítorí omi yóò tún tì í wọlé ni. Wọ́n po amọ̀ pẹ̀lú yanrìn púpọ̀, wọ́n fi rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri láti inú, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Bó ṣe ń gbẹ, iyọ̀ ń tẹ̀lé omi bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ha á kúrò, wọ́n kó o jìnnà sí ilé (èyí ṣe pàtàkì, torí bí a bá dà á sídìí ògiri, òjò yóò dá iyọ̀ náà padà), wọ́n sì rẹ́ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é. Ní ìgbà kẹta, iyọ̀ tó yọ kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ gbá.

Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ ní àrẹ́parí, wọ́n dán ilẹ̀ wò. Wọ́n fi erùpẹ̀ kún ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, wọ́n bu omi kún un, wọ́n gbọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n gbé e kalẹ̀. Yanrìn ń rọ̀ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó kúnná ju yanrìn lọ ń tẹ̀lé e, amọ̀ gangan ń bọ̀ sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ìpele tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ìgò ló ń sọ bí yanrìn tí a ó fi kún un yóò ti pọ̀ tó. Wọ́n sì rẹ́ ojú mẹ́ta sára ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì: hẹ́ẹ̀dì-páànù amọ̀ kan sí yanrìn kan, kan sí méjì, kan sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ti àkọ́kọ́ ti sán bí ẹ̀yìn ìjàpá, ti kejì sán díẹ̀, ti kẹta kò sán. Èyí ni wọ́n lò, pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí wọ́n gé kéékèèké, tí wọ́n sì pò mọ́ ọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n wọ́n omi sára ògiri kí ó tutù, kì í ṣe kí ó rin, wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ti le nígbà yẹn, ó sì fẹ́ gbẹ ojú rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àpò tútù tí wọ́n fi kọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Ẹfun ni wọ́n fi kùn ún nínú. Ọ̀dà olóròóró kò gbọdọ̀ kan irú ògiri yìí mọ́, nítorí ohun tí sìmẹ́ńtì ń ṣe fún un ni ọ̀dà náà yóò ṣe.

Àwọn aláàdìrẹ kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ìgbìmọ̀ kọ́ ìsọ̀ kan fún wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré, ó ní gọ́tà tirẹ̀, ògiri rẹ̀ sì jẹ́ búlọ́ọ̀kù. Owó ilé kò dúró. Bí wọn kò bá ti wá ibi mìíràn fún owó náà, kò sí àníàní pé ẹrù ì bá tún ti padà wọ ilé àdúrà láàárín ọdún kan.

Báyìí, láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, lẹ́sìnnì àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, ọmọ onígbàgbọ́ àti ọmọ Mùsùlùmí. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, agogo mẹ́fà, àwọn àgbà ń gbàdúrà níbẹ̀ bíi ti àtijọ́. Akọrin ń lò ó ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìlù wọn kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohun tí tísà ń sọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yí i. Àdéhùn náà kò gba àríyá, kò gba ìdáná nínú ilé, kò sì gba ìkẹ́rù, kódà àga ike. Ẹgbẹ́ obìnrin kan béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé kí wọ́n gbé ìkòkò wọn padà síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Bàbá Ìjọ kọ̀, ó sì tọ́ kó kọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ọ̀kan lọ́dọ̀ ìjọ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹbí, pẹ̀lú ìwé tí ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ń kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Fún àwọn tó ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀, tàbí tí ìjọ bá ké sí: ẹ béèrè ìwé ìpàdé kí ẹ tó béèrè àwòrán ilé, torí ohun tí wọ́n gba ilẹ̀ fún ni yóò sọ ohun tí ilé lè jẹ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn, ẹ má tíì fọwọ́ kan ògiri. Ẹ wo omi nígbà òjò, kí ẹ sì dúró di ìgbà tí òjò bá ti dá, torí omi orí àpáta kì í yára hàn. Òrùlé ṣáájú gọ́tà, gọ́tà ṣáájú ìdí ògiri, ìdí ògiri ṣáájú rírẹ́. Bí ilé bá ti gba kọ́sítíìkì rí, ẹ fi oṣù méjì kún ètò yín, kí ẹ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà máa tì yín.

Ògiri apá òkè ṣì ń ta iyọ̀ díẹ̀ ní gbogbo ọyẹ́. Tísà lẹ́sìnnì máa ń fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà ní ìgbálẹ̀ rírọ̀, wọ́n á gbá a sínú páànù, wọ́n á sì gbé e kọjá ọ̀nà lọ dà nù. Ní ìparí Oṣù Kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwọn ọmọ náà ló ń kó ewé máńgòrò kúrò nínú gọ́tà.